Fáàsì Czech àtijọ́, èyí tí wọ́n fi mọ́ọ̀dù tẹ̀: báwo lẹ ṣe ń dá a mọ̀?

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra fáàsì (ìkòkò òdòdó) kan ní ṣọ́ọ̀bù charity tó ń ta àlòkù ládùúgbò wa ní Leeds níbí. Àwọ̀ oyin ni, gíláàsì ẹ̀ nípọn, ó wúwo gan-an, gbogbo ara ẹ̀ ló kún fún nǹkan róbótó tó wú síta. Tó o bá gbé e sójú fèrèsé, nínú róbótó kọ̀ọ̀kan lo ti máa rí òpópónà wa, kékeré báyìí, tó dorí kodò. Ohun tí wọ́n kọ sára bébà owó ẹ̀ ni Whitefriars, ilé-iṣẹ́ gíláàsì England àtijọ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tí kì í pa car boot (ọjà àlòkù ẹ̀yìn mọ́tò) jẹ ní irọ́ ni, pé Czech ni, nígbà ìjọba Kọ́múníìsì. Mo yí i sókè yí i sísàlẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà, kò sí sítíkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Mi ò fẹ́ tà á o, mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà lórí tábìlì mi ni.

Bàbá_Onígíláàsì
Àdùkẹ́, ọmọ mi, o káre. Bébà owó yẹn, fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Àwọn tó ń to ọjà ní ṣọ́ọ̀bù charity, ọ̀pọ̀ wọn wá fi ọwọ́ ṣàánú ni, gbogbo gíláàsì tó bá ti nípọn tó sì ní àwọ̀, Whitefriars ni lójú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ṣe rèé: ki ìka bọ inú fáàsì yẹn, kó o fi kan ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn róbótó yẹn láti inú. Ṣé ó kòtò níbẹ̀ ni, àbí ó tẹ́jú tó ń yọ̀?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé Whitefriars tí wọ́n ń sọ yẹn, àwọn tó ní ojú èèpo igi tí Geoffrey Baxter, ayàwòrán wọn, gbé jáde ní 1967, fífẹ́ ni wọ́n fẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù, ohun tó ń fún gíláàsì ní ìrísí. Ọkùnrin yẹn to èèpo igi, ìṣó, àti bíríkì sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n wá fẹ́ gíláàsì wọnú ẹ̀. Tí èèyàn bá ń fẹ́ gíláàsì, atẹ́gùn ló ń ti gíláàsì láti inú lọ bá ògiri mọ́ọ̀dù, torí náà ibi tó bá wú lóde, ó máa kòtò nínú. Ti Czech tí à ń sọ yìí, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé ìṣù gíláàsì gbígbóná, á já sínú mọ́ọ̀dù irin, irin míì á wá tẹ̀ ẹ́ látòkè, ó jọ bí wọ́n ṣe ń tẹ búlọ́ọ̀kù nílé. Mọ́ọ̀dù ló ń ṣe òde, irin tó ń tẹ̀ ẹ́ látòkè ló ń ṣe inú, òde lè rí wúruwùru bó ṣe wù ú, inú á dán ni ṣáá.

Àdùkẹ́_Leeds
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí. Inú ẹ̀ ń yọ̀, kò sí kòtò kankan, bíi pé àwọn róbótó yẹn ò sí lóde rárá.

Bàbá_Onígíláàsì
Títẹ̀ ni nìyẹn. Whitefriars ti bọ́. Wo ẹnu ẹ̀ náà: ṣé ó fẹ̀ tó inú ẹ̀ àbí ó fún lọ́rùn? Irin tó wọlé látòkè gbọ́dọ̀ rí ibi jáde, torí ẹ̀ gíláàsì títẹ̀ kì í ní ikùn ńlá pẹ̀lú ọrùn tóóró, àyàfi tí wọ́n bá tún gbé e padà sínú iná kí wọ́n fi irinṣẹ́ fún ẹnu ẹ̀ pọ̀. Tó o bá rí fáàsì tó rí bíi ṣágo, tí ẹni tó ń tà á sì ń pè é ní pressed glass, bi í pé báwo ni irin ṣe jáde.

Tóyìn_Peckham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún àbúrò wa. Pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ò sọ ọ́ di Czech. Poland tẹ̀, Jámánì tẹ̀, àwọn òyìnbó England pàápàá tẹ̀ títí ó fi sú wọn. Èmi tí mo ń ta gíláàsì lórí eBay, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i tí wọ́n kọ «Czech, Sklo Union» sára ti Ząbkowice tó wá láti Poland, àwọn tí tọkọtaya Drost yà. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò lè mọ̀ ọ́n.

Bàbá_Onígíláàsì
Tóyìn, o sọ ọ́ re. Bí a ṣe ṣe nǹkan ló máa ń lé ti irọ́ dà nù, ẹni tó ya àwòrán ẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ló kù tá a máa wá. Fún Czech, àwọn ilé-iṣẹ́ tó tẹ irú ẹ̀ jù ò pọ̀, èèyàn lè há orúkọ wọn sórí: Rosice, Libochovice, Heřmanova Huť, pẹ̀lú Rudolfova Huť tó wà ní Dubí lẹ́bàá Teplice, èyí tó jẹ́ ti Josef Inwald kí ìjọba tó gbà á. Ní 1965 wọ́n kó wọn jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sklo Union, ní Teplice. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí àwọn èèyàn á rí fáàsì tí wọ́n ti ń tẹ̀ ṣáájú 1965, wọ́n á ní Sklo Union ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà tó bá ń fi orúkọ yẹn pe gbogbo ẹ̀, kí ó ṣáà mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ti Àdùkẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ó gbé fọ́tò síbí ká tó sọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n fáàsì tó ní róbótó ńlá tó ń dorí nǹkan kodò, ẹni tí ọkàn mi ń lọ bá ni Vladislav Urban, tó yàwòrán fún Rosice. Àwọn tó ń kó o jọ níbí ń pè é ní headlight, torí ó jọ iná iwájú mọ́tò.

Akin_Bódìjà
Ẹ má bínú o, mo kàn ń kà á láti Ìbàdàn níbí ni. Ìjọba Kọ́múníìsì tí wọ́n ní wọn ò jẹ́ kí èèyàn mí, àwọn ló wá ń ṣe fáàsì tó lẹ́wà tó báyìí? Kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú òdòdó? Mo sì fẹ́ béèrè, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ kẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló jáde láti inú mọ́ọ̀dù kan, kí ló wá sọ ọ́ di nǹkan tí àgbàlagbà ń sáré lé kiri?

Dèjì_Praha
Akin, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀, torí Prague ni mo ń gbé, ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé mi wá, gíláàsì ló dá mi dúró 😂

Lẹ́yìn ogun, ní 1945, ìjọba Czechoslovakia gba àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì sì gba agbára ní Fẹ́búárì 1948 èyí tó kù náà bá a lọ. Ní àárín àkókò yẹn náà ni wọ́n lé àwọn ará Jámánì tó ń gbé ní agbègbè ààlà kúrò nílùú, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ gíláàsì. Àwọn kan nínú wọn lọ dá àdúgbò tuntun sílẹ̀ ní Bavaria, wọ́n sọ ọ́ ní Neugablonz, orúkọ ìlú tí wọ́n ti lé wọn. Torí ẹ̀, ilé iná wà nílẹ̀, mọ́ọ̀dù wà nílẹ̀, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ló ṣọ̀wọ́n. Wọ́n wá fi ẹ̀kọ́ dí i. Ilé-ẹ̀kọ́ gíláàsì wà ní Nový Bor àti Železný Brod, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n níbẹ̀ á lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà ní Prague.

Ohun tó jọ mí lójú jù nìyí: ayàwòrán tó bá ya nǹkan tí kò jọ ènìyàn tí kò jọ ẹranko sórí aṣọ, àwọn ìjọba á bá a wí pé ìwà àwọn olówó òyìnbó nìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá gbé nǹkan kan náà sínú gíláàsì, wọ́n á ní fáàsì ni, ọ̀ṣọ́ ilé ni, kó máa bá a lọ. Bí àwọn ọlọ́pọlọ pípé ṣe rọ́ wọnú gíláàsì nìyẹn. Ní 1958, níbi Expo, ìpàtẹ àgbáyé, tó wáyé ní Brussels, pafílíọ̀nù Czechoslovakia ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn tó ga jù, gíláàsì sì wà lára ohun tó mú kí ayé yà wọ́n sọ́tọ̀.

Owó náà sì ń bẹ níbẹ̀ o. Láti 1948 ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Skloexport, ní Liberec, ló ń kó gíláàsì lọ tà sókè òkun, pọ́n-ùn àti dọ́là ni wọ́n ń fẹ́. Ìdí tí fáàsì yìí fi kún England dẹ́múdẹ́mú nìyẹn.

Akin_Bódìjà
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n Dèjì. Ó ti yé mi báyìí. Ìbéèrè kejì ò tíì rí ìdáhùn ṣá.

Tóyìn_Peckham
Èmi máa dá ẹ lóhùn. Nítorí ẹni tó yà á ni. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó ó ronú bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa gba inú ẹ̀ kọjá, ẹnì kan sì fi irin gbẹ́ mọ́ọ̀dù ẹ̀. O lè ra iṣẹ́ František Vízner lówó tí kò tó owó oúnjẹ alẹ́ èèyàn méjì ní London. Vízner yìí kan náà ni wọ́n ń to iṣẹ́ ẹ̀ sí mùsíọ́ọ̀mù ńláńlá, àwọn abọ́ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gé nígbẹ̀yìn ayé ẹ̀. Kó tó di olókìkí, láàárín 1962 sí 1967, fáàsì àti àṣítíréè ló ń yà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ gíláàsì lágbègbè Teplice. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí Škrdlovice, ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe gíláàsì gbígbóná. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ayàwòrán wo ló tún wà tí tálákà lè ra iṣẹ́ ẹ̀ ní car boot?

Bàbá_Onígíláàsì
Kì í ṣe Vízner nìkan. Ẹ fi Adolf Matura kún un, tó ṣiṣẹ́ ní ÚBOK, ilé-iṣẹ́ ìjọba fún dísáìnì ní Prague. Ẹ fi Rudolf Jurnikl kún un ní Rudolfova Huť, ẹ fi Jiří Brabec kún un, František Pečený náà. Tó bá pẹ́ tó o ti ń wò wọ́n, wàá máa mọ ọwọ́ wọn. Mo fẹ́ràn Jurnikl jù, mo mọ̀ pé ọjà ò gbà pẹ̀lú mi, ìyẹn ò kàn mí.

Onílẹ̀kẹ̀_Ẹ̀fọ̀n
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń ṣe. Ìlú tí Dèjì ń sọ pé wọ́n lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ yẹn, Gablonz, tó ń jẹ́ Jablonec báyìí, ìlú ìlẹ̀kẹ̀ wa nìyẹn o! Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sín sára adé, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí òyìnbó ti ń kó wọn wọlé, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló wá láti agbègbè yẹn, èyí tó kù wá láti Venice. Ṣáájú ìgbà yẹn, iyùn àti sẹ̀gi ló wà lórí adé. Ọ̀kẹ́ àìmọye àwọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rí lára adé ńlá báyìí, ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Títẹ̀ ni wọ́n tún ń tẹ púpọ̀ nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ńlá wọn. Ọ̀pá gíláàsì ni wọ́n ń ki bọnú iná títí á fi rọ̀, wọ́n á wá fi ẹ̀mú tó ní mọ́ọ̀dù lẹ́nu fún un pọ̀, abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ á lu ihò sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bá mú ìlẹ̀kẹ̀ Czech àtijọ́, ẹ yí i sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí ìlà tínínrín kan tó yí ara ẹ̀ ká. Ìlà mọ́ọ̀dù nìyẹn. Ṣé fáàsì yín náà ní irú ẹ̀?

Bàbá_Onígíláàsì
Ó ní in, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, o ṣeun gan-an. Ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé ara wọn ló ń wà, láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Àwọn ará Czech gbọ́n lórí ẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi ìlà yẹn pa mọ́ sí etí dísáìnì, ibi tí ìlà kan ti wà tẹ́lẹ̀, tójú ò fi ní tètè rí i. Tí wọ́n bá sì mú gíláàsì jáde látinú mọ́ọ̀dù, wọ́n á tún fi iná rà á lójú kí ó lè dán, ìyẹn náà ń pa ìlà yẹn rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà má fi ojú nìkan wá a, fi èékánná wá a.

Àdùkẹ́_Leeds
Fọ́tò ti wà lókè báyìí. Bàbá, mo fi èékánná wá a, mo rí ìlà náà ní àárín ìlà àwọn róbótó. Ẹnu ẹ̀ fẹ̀ bí ara ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, kò sí àpá ibi tí wọ́n ti gé e kúrò lórí ọ̀pá.

Bàbá_Onígíláàsì
Mo ti rí i. Urban ni, Rosice ni, mi ò ṣiyèméjì. Wo bí ìlà róbótó ṣe tò lórí ara wọn láìsí ibi tó sán láàárín. Àwọn tó ń ṣe àfarawé ẹ̀ kì í lè mú kí róbótó yẹn rí rìbìtì tó bẹ́ẹ̀. Bá mi kí ọ̀rẹ́ ẹ oníkáà búùtù.

Màmá_Ṣọlá
Àdùkẹ́, o kú oríire. Ní fọ́tò kẹta, mo ń rí nǹkan funfun bí èéfín ní ìsàlẹ̀ inú ẹ̀. Ṣé ìdọ̀tí omi ni àbí ara gíláàsì ló ti jẹ?

Àdùkẹ́_Leeds
Mi ò mọ̀ mà. Tí mo bá da omi sí i kì í hàn mọ́, tó bá gbẹ ó tún padà wá.

Màmá_Ṣọlá
Kì í ṣe ìyẹn la fi ń mọ̀ ọ́n, méjèèjì ló máa ń pamọ́ tí omi bá wà lára ẹ̀. Ohun tí wàá ṣe ni kó o bu fínígà funfun sí i, kó o fi sílẹ̀ di òwúrọ̀, kó o wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ ló gbẹ mọ́ ọn, á ṣí. Àwọn ẹlòmíì ń lo egbòogi tí wọ́n fi ń fọ eyín àtọwọ́dá, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò ṣí, gíláàsì fúnra ẹ̀ ló ti jẹ, kò sí ohun tó máa gbà á àfi kí wọ́n tún inú ẹ̀ dán, owó ìyẹn ju owó fáàsì lọ. Má sì gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ láéláé, ọṣẹ ibẹ̀ àti ooru ẹ̀ ló ń jẹ gíláàsì bẹ́ẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀, aṣọ ìnura ní ìsàlẹ̀ síńkì kó má bàa kan irin. Ó tán.

Bíọ́dún_Houston
Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹnì kan sọ fún mi pé kí n ra tọ́ọ̀ṣì UV, pé gíláàsì tó bá ń tàn bí ewé tútù, Czech ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Tóyìn_Peckham
Ha, ẹ̀gbọ́n, ẹni yẹn fẹ́ ta tọ́ọ̀ṣì fún yín ni. Tó bá tàn ewé fòò, ó sọ fún yín pé uranium wà nínú ẹ̀, kò sọ ìlú tó ti wá. England lò ó, Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ wà yẹn lò ó rẹpẹtẹ, Bohemia náà lò ó. Manganese pàápàá máa ń tàn díẹ̀ díẹ̀. Fáàsì àkókò tá à ń sọ yìí, ọdún 1950 sí 1970 àti àwọn tó tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú wọn kì í tàn rárá. Àwọn tó ń tàn jù ti ṣáájú ogun ni.

Èyí tó tọ́ kẹ́ ẹ wò ni àwọ̀ àlùkò tó ń yí padà. Ẹ gbé e sójú oòrùn ó máa jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ẹ gbé e sábẹ́ iná fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì tó funfun á di búlúù. Neodymium ni wọ́n fi ṣe é, ilé-iṣẹ́ Moser ní Karlovy Vary ni wọ́n ti sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1920, àwọn míì wá kọ́ ọ lára wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àwọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n ya á lẹ́ẹ̀mejì, lóde àti lábẹ́ iná. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Bíọ́dún_Houston
Sítíkà ńkọ́? Ọ̀kan wà lára tèmi, fàdákà ni, wọ́n kọ Bohemia Glass sí i, wọ́n sì kọ Made in Czechoslovakia.

Dèjì_Praha
Ìyẹn dáa, má yọ ọ́ kúrò, má fi omi kàn án. Czechoslovakia wà láti 1918 títí di òpin Disẹ́ńbà 1992, ní January 1993 ó pín sí méjì, torí ẹ̀ ohunkóhun tí wọ́n bá kọ Czech Republic sí ti wá lẹ́yìn ìyẹn. Àmọ́ sítíkà Bohemia ò sọ ilé-iṣẹ́ wo, àwọn tó ń kó o lọ tà sókè òkun ló ń lẹ̀ ẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí gíláàsì tí wọ́n ò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tí kò bá ní ọkàn gidi tún lè bọ́ ọ lára ọ̀kan kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, mo ti rí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì Poland ní ọjà àlòkù kan ní Prague níbí.

Bohemia Crystal náà, ẹ ṣọ́ra. Gíláàsì títẹ̀ yìí, ti lásán ni, wọn ò fi òjé sí i. Nínú òfin Yúróòpù, gíláàsì tó bá fẹ́ jẹ́ lead crystal gbọ́dọ̀ ní lead oxide (òjé tó ti dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn) tó tó ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí wọ́n bá tà á fún yín ní owó crystal torí pé ó nípọn, wọ́n rẹ́ yín jẹ nìyẹn.

Akin_Bódìjà
Ẹ̀gbọ́n Dèjì, nínú kọ́bọ́ọ̀dù màmá mi, àwo àti gíláàsì kún ibẹ̀ tí wọ́n kó wálé láti òkè òkun ní 1974. Ọ̀kan wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé, bí abọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, tó nípọn. Ṣé ó lè jẹ́?

Dèjì_Praha
Ó lè jẹ́, ó sì lè má jẹ́. Ṣe ohun tí Bàbá ní kí Àdùkẹ́ ṣe, ìka nínú, èékánná lóde. Lẹ́yìn náà gbé fọ́tò ìsàlẹ̀ ẹ̀ síbí, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ká lè mọ gíga ẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè wọ́n nínú kátálọ́ọ̀gù ilé-iṣẹ́ máa ń bá gíga lọ, dísáìnì kan lè jáde ní kékeré, àárín àti ńlá. Láìmọ gíga ẹ̀ a máa kàn máa méfò ni.

Ṣẹ́gun_Manchester
Mo fẹ́ fi kún un: ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí tó dà bí òkúta aláwọ̀ ewé, tó ní ìlà dúdú àti ìlà tó mọ́lẹ̀ nínú, tó ní obìnrin ìhòòhò àti àjàrà lára. Ìyẹn ti wà ṣáájú ogun. Curt Schlevogt ló gbé wọn jáde ní Jablonec ní 1934, ó fi orúkọ ọmọ ẹ̀ obìnrin, Ingrid, pè é. Mọ́ọ̀dù wọn ò bàjẹ́, irin ni, wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́ padà láti ọjọ́ pípẹ́ ní Desná, ìlú kan lẹ́bàá Jablonec. Tuntun ń wọ ọjà títí di báyìí, ẹni tó ń tà á á sì kọ 1930s sí i láìṣẹ́jú.

Tóyìn_Peckham
Ṣẹ́gun sọ òótọ́. Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n: ti àtijọ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti họ díẹ̀ díẹ̀, àpá họ kékeré tí kò tò, torí wọ́n ti fi tábìlì fà á fún ọdún pípẹ́. Ti tuntun, ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ bí ọmọ tuntun, tàbí kí wọ́n ti fi bébà yánrin họ ọ́ ní ìlà tó tò sí apá kan. Oníjìbìtì kì í ní sùúrù láti họ ọ́ gbogbo ọ̀nà.

Lórí owó, kí ẹ má bàa bi mí ní inbox: èyí tó mọ́ gbárú láìní àwọ̀ àti aláwọ̀ oyin ló pọ̀ jù lọ́jà, owó wọn ò le. Búlúù, àlùkò, ńlá ju ti gbogbo èèyàn lọ, èyí tí orúkọ ẹni tó yà á dájú, àwọn ló ń gbówó. Tó bá ti fọ́ létí, bó ṣe kéré tó, ẹ dá owó ẹ̀ sí méjì, ẹ tún yọ díẹ̀ nínú ìdajì yẹn. Ẹ fi ìka yí ẹnu ẹ̀ ká kẹ́ ẹ tó sanwó, ojú kì í rí ohun tí ìka ń rí. Ẹ tún yí etí dísáìnì ẹ̀ ká, ibẹ̀ ló yọ síta, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kan nǹkan.

Bàbá_Onígíláàsì
Tóyìn, ó ti le jù. Mo ní èyí tó fọ́ létí tí mi ò lè fi sílẹ̀. Ẹni tó ń kó o jọ torí ojú ara ẹ̀, kó rà á ní owó tó tọ́, kó kọ ojú ibi tó fọ́ sí ògiri.

Tóyìn_Peckham
Ẹ̀yin olówó lẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sà. Èmi, ìyá onílé mi ò gba gíláàsì fífọ́ dípò owó yàrá.

Màmá_Ṣọlá
😂😂 Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ ṣé gbogbo yín, Ọlọ́run á bù sí i. Fínígà ti ṣí púpọ̀ nínú ẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lagos ti rí fọ́tò, ó ní kí n wá irú ẹ̀ fún òun. Báwo lẹ ṣe ń dì í tí kì í fọ́?

Bàbá_Onígíláàsì
Ti Rosice tó nípọn yẹn lágbára, ẹnu ẹ̀ lèèyàn ń bẹ̀rù. Ki aṣọ tàbí bébà rírọ̀ kún inú ẹ̀ kó má fún un jù, fi bébà rírọ̀ funfun wé ara ẹ̀ kọ́kọ́, torí yíǹkì inú ìwé ìròyìn lè rìn mọ́ ibi tó rí wúruwùru. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o fi ọ̀rá onífóòmù wé e lọ́pọ̀ ìgbà, kó wọ páálí kan, kí páálí yẹn wọ inú páálí tó tóbi jù ú, kí nǹkan rírọ̀ wà láàárín méjèèjì. Mì ín sétí kó o tó lẹ̀ ẹ́. Tó o bá gbọ́ ohùn kankan, tú u palẹ̀, kó o tún un dì.

Dèjì_Praha
Kó sì kọ iye owó gidi sí fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù, pẹ̀lú «gíláàsì àlòkù». Akin, mo ń dúró de fọ́tò kọ́bọ́ọ̀dù màmá o.

Akin_Bódìjà
Màmá ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èékánná kan gíláàsì òun. Mo ń bẹ̀ wọ́n.